Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Bí A Ṣe Lè Ṣòdodo sí Ilé Ààbò Ẹranko Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti fi gbogbo ọ̀sán rọ̀, àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Abúlé Òkúta bá ọmọ ajá kan lẹ́bàá gọ́tà. Òtútù ti mú un wọ egungun, kò lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tẹlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò ní kú?" N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe lóde òní: mo mú fóònù, mo béèrè nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò bóyá ẹnikẹ́ni mọ ilé ààbò ẹranko tí a lè gbé e lọ.

Kí wákàtí kan tó pé, ìdáhùn ti kún ojú fóònù. Ẹnì kan dárúkọ ilé ààbò kan, ó ní kò sí irú wọn ní gbogbo Èkó. Ẹlòmíràn já lu ọ̀rọ̀ náà pé kí a má ṣe dé ibẹ̀ rárá, pé ńṣe ni ajá ń kú níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnì kẹta fi fídíò kan ránṣẹ́ tí ó mú omi bọ́ lójú mi, nọ́ńbà àkáǹtì sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ààbò tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn náà sì ti di ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

N kò lè bínú sí wọn, nítorí pé èmi gan-an ti ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ rí.

Ìràwọ̀ kan tí mo fún wọn

Ní bí ọdún méjì ṣáájú àkókò náà, mo lọ wo ilé ààbò ẹranko kan tí n kò ní dárúkọ. Wọn kò jẹ́ kí n wọ ẹ̀yìnkùlé. Òórùn burúkú kan ń fẹ́ wá láti ibẹ̀. Ajá kan tí a lè ka egungun ìhà rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí iwájú ilé. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mo sì kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ń fi ebi pa ẹranko, pé wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwọn ènìyàn ń pín in kiri, wọ́n ń yìn mí pé mo láyà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni dókítà ẹranko kan tí a jọ mọ ara wa là mí lóye. Ẹnì kan ni ó gbé páálí ọmọ ajá jù sí ẹnu ọ̀nà wọn lóru, àìsàn parvo sì wà lára àwọn ọmọ ajá náà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi jẹ́ kí àlejò kankan wọ ẹ̀yìnkùlé. Ajá tí egungun rẹ̀ yọ kò tíì lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe rí i he nìyẹn. Obìnrin kan tí ó máa ń ra àpò ìrẹsì fún wọn lóṣooṣù ka ọ̀rọ̀ mi, ó sì dáwọ́ dúró. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ka ẹ̀bẹ̀ náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ó ka ẹ̀sùn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Láti ìgbà náà ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti ń tọ́jú ojú òpó kékeré kan níbi tí a ti ń gba àgbéyẹ̀wò ilé ààbò ẹranko wọlé fún aráyé kà. Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi pé òótọ́ nìkan kò tó. Ènìyàn lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an, kí ó sì tún ṣìkà. Òórùn wà ní ọjọ́ tí mo lọ, ilẹ̀kùn wà ní títì, ajá sì rù. Irọ́ kọ́ ni mo pa nípa ìwọ̀nyẹn. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò béèrè ìdí.

Oníbàárà tí kò lè sọ̀rọ̀

Bí a bá jẹ ìrẹsì tí kò dùn ní bùkà, àwa tí a sanwó náà ni a jẹun, àwa náà ni a óò sì sọ bó ti rí. Ní ilé ààbò ẹranko, ẹni tó sanwó kọ́ ló ń jẹun. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ lè wà ní Ìkẹjà tàbí ní London, kí ó má fojú kan ajá náà láé. Ẹni tó ń jẹun, tó ń sùn, tó sì ń gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi rojọ́. Nítorí náà, agbẹnusọ ni ẹni tó bá ń kọ àgbéyẹ̀wò irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò rán an níṣẹ́, tí kò sì lè bá a wí bí ó bá ṣì í sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ènìyàn pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó kó àrùn dìgbòlugi, bí 99 ló kó o láti ara ajá, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú àwọn tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń bù jẹ. Ilé ààbò tí ó ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó fi í fún alágbàtọ́ ń dáàbò bo àwọn ọmọ tí ń ṣeré ní òpópónà wa ní Bàrígà àti Ṣómólú. Èyí tí kò gún un lè kó ewu wọ ilé ẹni tó fẹ́ ṣàánú.

Òfin kò sì ní eyín tó bó ti yẹ. Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ayé amúnisìn fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì, sí orí ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko. Owó ìtanràn náà kò lè ra búrẹ́dì kan lónìí. Níbi tí òfin bá ti rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ti dé ilé ààbò ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́, kò sí olùṣọ́ mọ́.

Ìtàn ìlú òyìnbó jẹ́rìí sí agbára ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1860, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway, ní London, fún àwọn ajá tó sọnù tí ebi ń pa. Ìwé ìròyìn The Times fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1862, All the Year Round, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Charles Dickens jẹ́ olóòtú rẹ̀, gbé àròkọ kan jáde tí ó fi àwọn ajá olówó iyebíye níbi àfihàn ajá kan wé àwọn ajá tí kò lólúwa ní Holloway. Àròkọ náà wà lára ohun tí ó yí èrò àwọn ènìyàn padà sí rere. Ilé náà kó lọ sí Battersea ní 1871, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé ìbá ti pa á ní kékeré. Ọ̀rọ̀ náà ló sì bá a gbé e dìde.

Orúkọ ajá àti òkò ọ̀rọ̀

Ó ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń fi ajá sọ̀rọ̀ sí ara wa. Ẹni tí aládùúgbò ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ kò ó lójú, a máa sọ ajá rẹ̀ ní orúkọ tó jẹ́ òwe: Tanímọ̀la, tàbí Ojúlarí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa pe ajá náà kíkankíkan kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ọgbọ́n ni, kò sì burú ní agboolé tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Ẹni tí a sọ òkò ọ̀rọ̀ náà sí mọ̀ pé òun ni, ó sì lè ra ajá tirẹ̀, kí ó sọ ọ́ lórúkọ tí yóò fi fèsì.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjèjì tó ń kà á kò mọ ìjà tó wà nídìí orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbéyẹ̀wò tí a ń rí gbà ni ó jẹ́ orúkọ ajá lásán. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ ọ́. Ẹni tó ní ilé ààbò mìíràn lè kọ ọ́. Nígbà kan, ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé, "Ìkà ni wọ́n, ọkàn wọn dúdú." A bi í pé kí ni ó rí lára ẹranko kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni ó jẹ́wọ́ pé wọn kò fún òun ní ajá tí òun fẹ́ gbà tọ́ ni, nítorí pé ilé òun kò ní ọgbà. Ìbínú rẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n ilé ààbò tó ń wo ibi tí ajá yóò máa gbé kí ó tó fi í sílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, a ti fi òfin kan lélẹ̀: àgbéyẹ̀wò tí kò bá sọ ọjọ́ tí ènìyàn lọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí, àti ohun tí ó kàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò ní jáde. Ìyìn náà wà lábẹ́ òfin kan náà. "Ẹni Ọlọ́run ni wọ́n" kò sọ fún wa bóyá omi wà nínú abọ́.

Kí ni kí ojú máa wò?

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé àwọn kì í ṣe dókítà ẹranko, pé àwọn kò mọ ohun tí ó yẹ kí àwọn wò. Ìlànà kan wà tí ó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní 1965, ìgbìmọ̀ kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n Brambell ṣe alága rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń sin ẹran ọ̀sìn. Nígbà tó di 1979, ìgbìmọ̀ mìíràn tún èrò náà tò sí òmìnira márùn-ún tí ó yẹ kí ẹranko ní. A ti sọ ọ́ di ìbéèrè márùn-ún fún àwọn tó ń kọ̀wé sí wa.

Èkíní, ebi àti òùngbẹ: ṣé omi tó mọ́ wà nínú abọ́ ní àsìkò tí ẹ dé ibẹ̀? Èkejì, ìnira: bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí oòrùn bá ń ràn, ṣé ẹranko rí ibi gbígbẹ tàbí ibòòji sùn sí? Ẹ̀kẹta, ìrora àti àìsàn: ṣé dókítà ẹranko ń wá síbẹ̀, ṣé àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ sì wà tí wọ́n lè fi hàn yín? Ẹ̀kẹrin, ìwà àbínibí: ṣé ajá ń rí àyè rìn kí ó sì sáré, tàbí inú àgò ni ó ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ̀karùn-ún, ìbẹ̀rù: bí òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀, ṣé ajá ń jù rù ni, tàbí ó ń sá lọ sí kọ̀rọ̀?

Ìdáhùn mẹ́ta ni a fi àyè sílẹ̀ fún: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti n kò rí i. Ìdáhùn kẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní mo lò ó ní ọjọ́ tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn títì yẹn, obìnrin náà ìbá ṣì máa ra ìrẹsì.

Iye tó kú kì í ṣe gbogbo ìtàn

Ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé máa ń bi wá jù lọ ni pé ẹranko mélòó ló ń kú níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ó lè tan ni jẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ilé ààbò kan ń gba ẹranko èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá: èyí tí ọkọ̀ kọ lù, èyí tó ti darúgbó, èyí tí àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó gba 100 lọ́dún, 30 kú. Ilé kejì ń ṣa àwọn ọmọ ajá tó lẹ́wà tí ara wọn sì le. Òun náà gba 100, mẹ́ta péré ló kú. Bí a bá fi iye tó kú nìkan pín ìràwọ̀, ilé kejì ni yóò gba márùn-ún. Ilé àkọ́kọ́, tí ó gba 70 là nínú àwọn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn, yóò gba ìtìjú. Ohun tí a óò sì máa kọ́ gbogbo ilé ààbò ni pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ọmọ ajá tí a bá lẹ́bàá gọ́tà ní Abúlé Òkúta.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ìṣòro yìí pàdé. Ní 2004, àwọn aṣojú ilé ààbò àti ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko pàdé ní Asilomar, ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n sì fẹnu kò sí ọ̀nà ìṣirò kan. Wọ́n ní kí ilé ààbò kọ bí ara ẹranko ṣe rí sílẹ̀: èyí tí ara rẹ̀ le, èyí tí ó ṣeé tọ́jú, àti èyí tí kò ṣeé wò sàn. Àwa náà kì í kọ iye kankan láìfi ìbéèrè méjì ṣáájú rẹ̀: irú ẹranko wo ni ẹ ń gbà, báwo sì ni ara wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n dé?

Gbogbo ilé ààbò kò sì ní iṣẹ́ kan náà. Ní Èkó, dókítà ẹranko Mark Ofua dá St. Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀, Chinedu Mogbo sì dá Greenfingers Wildlife Conservation Initiative sílẹ̀. A mọ àwọn méjèèjì mọ́ gbígba akika sílẹ̀, ẹranko onípẹ́ tí ń ká jọ bí bọ́ọ̀lù, tí à bá máa rí lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́. Ilé alágbàtọ́ ni ìrètí ajá, ṣùgbọ́n inú igbó ni ìrètí akika. Bí àlejò bá wá bínú pé wọn kò jẹ́ kí òun gbé ẹranko igbó mọ́ra kí òun ya fọ́tò, ìyìn ni ó ń kọ láìmọ̀, nítorí pé ẹranko tí yóò padà sígbó kò gbọ́dọ̀ mọ́ ènìyàn lára jù.

Ilẹ̀kùn títì, ìwé títẹ̀, fídíò

Ohun mẹ́ta ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Èkíní ni ilẹ̀kùn títì. Kòkòrò àìsàn parvo lè wà lórí ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, bàtà àlejò lè gbé e láti àgò kan dé òmíràn, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Omi Jik tàbí Hypo ni wọ́n máa ń lò. Ilé ààbò tó ti apá kan ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè jẹ́ ilé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìdí, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè fi fóònù ya ibẹ̀ hàn yín. Bí ọdún kan bá yí po tí ẹnikẹ́ni kò wọ ibẹ̀ rí, tí kò sì sí àlàyé, ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn. Bákan náà, àwọn kan kì í gbé àdírẹ́sì wọn síta, nítorí pé lóru ni àwọn ènìyàn máa ń wá ju ẹranko sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àdírẹ́sì tó fara sin kì í ṣe ẹ̀rí jìbìtì.

Èkejì ni ìwé. Àwa tí a ń gbé ní agbègbè yìí mọ̀ pé Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn lè gba káàdì ìdánimọ̀, rìsíìtì àti pátákó aláwọ̀ mẹ́rin tó ń dán gbinrin, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì lè mọ èrò ọkàn oníbàárà rẹ̀. Nítorí náà, pátákó kì í ṣe ẹ̀rí. Àjọ CAC, tí ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní ojú òpó tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ ẹgbẹ́ bóyá ó wà lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ẹranko ní Nàìjíríà, VCN, ni ó ń forúkọ dókítà ẹranko sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ń sọ pé ẹgbẹ́ wà ni. Kò sọ pé ajá jẹun.

Ẹ̀kẹta ni fídíò. Ẹgbẹ́ SMACC, tí ó ń tọpa ìwà ìkà sí ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 2024 lórí àwọn tí ń fi ẹranko sínú ewu kí wọ́n lè ya fídíò bí wọ́n ṣe ń "gbà á là." Ẹ bi ara yín léèrè: ta ló ń ya fídíò náà kí olùgbàlà tó dé? Ṣé ajá kan náà kọ́ ni ó tún wà nínú kòtò mìíràn lóṣù tó kọjá? Dókítà wo ló tọ́jú rẹ̀, ibo ni ó sì wà báyìí? Ilé ààbò gidi máa ń ní ìtàn ẹ̀yìn ọ̀la. Fídíò ayédèrú máa ń parí sí ibi nọ́ńbà àkáǹtì.

Òfin lójú olùgbéyẹ̀wò

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ẹ̀rù náà kò sì jẹ́ lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò inú agolo kan tí iléeṣẹ́ Erisco Foods ń ṣe. Iléeṣẹ́ náà fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá mú obìnrin náà, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ti dá a lẹ́jọ́ pé abala 24 òfin náà tako ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti sọ èrò rẹ̀, ó sì ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní 2024 ni wọ́n tó ṣe àtúnṣe sí i. Abala náà ṣì ń dẹ́rù ba ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ tó lè da ìlú rú tàbí tó lè fi ẹ̀mí sínú ewu, ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ sì wà lọ́tọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé kí a dákẹ́. Kí a mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ ni. "Ní ọjọ́ báyìí, ní agogo méjìlá ọ̀sán, abọ́ omi mẹ́fà ni mo kà, mẹ́rin gbẹ" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè dúró lé lórí níwájú ẹnikẹ́ni. "Olè ni wọ́n" jẹ́ ìdájọ́, kóòtù ló ni ìdájọ́. Ẹ tọ́jú fọ́tò yín pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà fóònù tàbí ilé òṣìṣẹ́ kankan síta. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwà ìkà ń lọ lọ́wọ́ lójú yín, ẹ kọ́kọ́ pe dókítà ẹranko àti ọlọ́pàá. Ìràwọ̀ kò lè gba ẹ̀mí là.

Ẹnu tó jẹ dòdò

Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. A kì í gba owó, oúnjẹ tàbí ìpolówó lọ́wọ́ ilé ààbò kankan. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ń dáwó tí ojú òpó náà fi wà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé ààbò tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí tó ti gba ajá níbẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ayé ti ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ṣe láti dènà àgbéyẹ̀wò ayédèrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹni tó ra ìyìn àti ẹni tó ra èébú jọ ń ta ojú òǹkàwé ni.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ̀sùn tó wúwo bá dé, a máa fi ránṣẹ́ sí ilé ààbò tí ọ̀rọ̀ kàn, a sì máa fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Èsì wọn yóò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sùn náà, kò ní wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò ti ní tó o. Bí wọn kò bá fèsì, a óò kọ ìyẹn pẹ̀lú. Àgbéyẹ̀wò tó bá ti lé ní ọdún kan máa ń sún sẹ́yìn, nítorí pé òṣìṣẹ́ ń lọ, òṣìṣẹ́ ń bọ̀, ajá tí a rí lánàá kọ́ ni a óò bá lónìí. Bí àwa náà bá sì ṣàṣìṣe, òkè pátápátá ni àtúnṣe ń wà, kí ẹni tó ka àṣìṣe náà má bàa kọjá láìrí i. Èmi ni mo dá àbá tó kẹ́yìn yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ní ti ọmọ ajá Abúlé Òkúta, a pe ilé ààbò kan ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àyè ti kún, àwọn kò lè gba ẹranko kankan títí oṣù yóò fi parí. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ bí a ṣe lè gbẹ́ ara rẹ̀, ohun tí a lè fún un mu, àti dókítà ẹranko tí a lè gbé e lọ ní òwúrọ̀. Dókítà náà di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdílé kan ní òpópónà wa gbà á tọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Òjò ni àwọn ọmọ sọ ọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n fi orúkọ náà bú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó láti kọ àgbéyẹ̀wò. Ọmọ tó fi àpò sìmẹ́ńtì bo ajá náà wá dúró lẹ́yìn mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ kọ ọ́ pé wọn ò gbà á?"

"Mo kọ ọ́."

"Ṣé ẹ kọ ọ́ pé wọ́n júwe ibi tí a máa gbé e lọ?"

"Mo kọ ìyẹn náà."